Kí ẹ tó sọ pé Linux yára ju Windows lọ

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ fi Windows wé Linux (ètò méjì tó ń darí kọ̀ǹpútà) lórí iṣẹ́ tó ń mú processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, láàágùn, bíi yíyí fídíò padà sí oríṣi fáìlì mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo bí a ṣe ṣètò agbára iná ẹ̀rọ náà. Ibẹ̀ ni ìdíwọ̀n ti sábà máa ń dàrú. Lórí Linux, ẹ tẹ èyí sínú terminal, níbi tí a ti ń tẹ àṣẹ:

cat /sys/devices/system/cpu/cpu0/cpufreq/scaling_governor

Bó bá dáhùn "powersave" (ètò tó ń ṣọ́ iná lò), tí Windows sì wà lórí "High performance" (ètò tó ń lo agbára dáadáa), àfiwé yẹn ò dọ́gba. Ó ti ṣe mí rí, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ kan ni mo tún ṣe.

Ẹ lo kọ̀ǹpútà kan náà àti ẹ̀dà software kan náà. Bó bá jẹ́ laptop, ẹ fi sí iná. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ mú àbájáde àárín. Bí àkókò bá ń gùn sí i nígbà kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ooru ló ń dín eré processor kù.

Tó bá jẹ́ ìṣirò lásán, ìyàtọ̀ kì í sábà pọ̀, torí processor kan náà ló ń ṣiṣẹ́. Níbi tí fáìlì kéékèèké bá ti pọ̀, bíi sísọ kóòdù di software tó ń ṣiṣẹ́ (compile), ni Windows ti máa ń falẹ̀, lára ohun tó ń fà á ni pé Defender, antivirus inú Windows, ń yẹ fáìlì wò bí wọ́n ṣe ń ṣí. Ẹ má sì ka WSL2, ìyẹn Linux tí a ń lò láti inú Windows, sí Linux tó dá dúró o, inú virtual machine (kọ̀ǹpútà àfarawé tí software ṣe) ló wà.