Omi Píà Àwọn Ará Ṣáínà: Ìdáhùn Sí Ohun Tó Ń Dà Yín Láàmú

Ọyẹ́ ti dé, ọ̀fun ti ń gbẹ, ìbéèrè kan náà sì tún ti bẹ̀rẹ̀. Omi píà ni mo ń wí, èyí tí àwọn ará Ṣáínà fi ń tu ọ̀fun lára nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Píà, omi àti ṣúgà dídì tí wọ́n ń pè ní bingtang ni. Ẹni tó bá fẹ́ kó ki á fi olú funfun gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní yin'er sí i. Guangzhou ní Ṣáínà ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó pè mí.

Mo sè é, ó korò débi pé mo dà á nù.
Píà ọlọ́ràá tí a fi ń jẹ búrẹ́dì lẹ sè. Iná máa ń mú un korò. Píà tó le, tó lómi nínú, tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ápù ni kí ẹ rà.

Píà yẹn náà ni mo lò, síbẹ̀ ó ń kan.
Ẹ yọ àárín rẹ̀ tòun ti kóró.

Mi ò rí bingtang rà.
Ṣúgà tó wà nílé tó. Píà méjì sí omi lítà kan, ṣúgà gíráàmù 30, kí ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fi kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lo oyin, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó fi sí i, ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin rárá.

Píà mi fọ́ yánnayànna.
Ó ti rọ̀ jù kí ẹ tó gbé e kaná. Èyí tó le ni kí ẹ lò, kí ẹ fi iná kékeré sè é fún ìṣẹ́jú 30 sí 40.

Olú funfun mi kò fà. Omi rẹ̀ ṣì mọ́ gaara.
Ẹ jókòó, nítorí èyí bá mi jà gan-an. Olú kan tí mo rà lọ́jà funfun báláú, ó wuni. Mo sè é títí gáàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, omi dá wà lókè, olú dá wà nísàlẹ̀. Mo pààrọ̀ ìkòkò, mo fi iná kún iná, kò gbọ́. Ìyá àgbà kan tó ń ta nǹkan gbígbẹ ló mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, tó gbọ́ òórùn rẹ̀, tó sì nà án sí mi nímú. Òórùn imí ọjọ́ ni! Èéfín imí ọjọ́ ni àwọn kan fi ń mú un funfun kó lè yá tà. Èyí tó dára máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kì í sì í ta èèyàn nímú.

Mo ra òmíràn tó dára, ó fà díẹ̀, kò tíì tó. Ìyá yẹn ní kí n fi ọwọ́ ya á wẹ́wẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ, kí n gé ìdí rẹ̀ tó le, tó pọ́n, sọ nù. Iná ńlá fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà iná kékeré fún wákàtí kan àtààbọ̀ sí méjì. Tí omi bá ń gbẹ, omi gbígbóná ni kí ẹ bù sí i. Píà wọlé nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 40, ṣúgà sì gbẹ̀yìn. Ọjọ́ yẹn ló fà bí ilá.

Ẹ má rẹ olú mọ́jú lórí tábìlì o. Omi tútù, wákàtí kan sí méjì, inú fíríìjì nígbà ooru. Kòkòrò àìfojúrí kan, Burkholderia gladioli, lè pọ̀ sí olú tí a rẹ pẹ́ jù, kó sì ṣe májèlé tó ń jẹ́ bongkrekic acid. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, sísè kò sì lè pa oró rẹ̀. Májèlé yìí náà ni wọ́n rí nínú ọtí ìbílẹ̀ tó pa èèyàn 75 ní Mòsáńbíìkì lóṣù kìíní ọdún 2015. Èyí tó bá ti sùn mọ́jú níta, ẹ dà á nù, ẹ má ṣẹ́ owó rẹ̀ lójú.

Mo mu ún tán, ìgbẹ́ ń yà mí.
Adùn kan tó ń jẹ́ sorbitol wà nínú píà, ó máa ń ṣí ìfun. Ife kan tó lójúmọ́.

Mo ní àtọ̀gbẹ.
Ẹ yọ ṣúgà kúrò, ẹ sì bi dókítà yín léèrè nípa píà fúnra rẹ̀.

Mo ti ń mu ún láti oṣù tó kọjá, ikọ́ mi kò lọ.
Ọ̀fun ló ń tù, kì í wo ikọ́. Ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ yẹ ikọ́ fée wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti ìtọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà. Tí ẹ̀jẹ̀ bá bá ikọ́ jáde, tàbí tí mímí bá ń ṣòro, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ.