Ẹsẹ̀ táǹkì omi tó ń sán lójú jíjó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Injiníà. Táǹkì lítà 2,000 méjì ló wà lórí irin tí a gbé dúró lẹ́yìnkùlé wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ajórin ti jó ibi tí ẹsẹ̀ kan ti sán, ó sì tún ń sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an. Ṣé irin yẹpẹrẹ ni wọ́n tà fún wa ni?

Ìdáhùn: Ká tó dá irin lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ da omi yẹn nù. Bí táǹkì méjèèjì bá kún, tọ́ọ̀nù mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀.

Ìwúwo nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Ẹ ń rọ omi sí i láàárọ̀, ó ń gbẹ lálẹ́, pọ́ǹpù ń gbọ̀n ọ́n, atẹ́gùn ń mì í. Ẹ mú wáyà kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Ọwọ́ tí kò lè fà á já ni yóò fi já. Ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó, níbi tí irin tó yọ́ ti pàdé èyí tí kò yọ́, ni sísán ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Irú ìyà léraléra yìí ló já ọkọ̀ òfuurufú Comet ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní 1954. Ní Farnborough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ri odindi ara Comet kan sínú táǹkì omi, wọ́n ń fi agbára omi tì í láti inú bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì í tó bá ń fò, wọ́n ń dẹ̀ ẹ́, títí ó fi bẹ́. Tí a bá ka iye ìgbà tó ti fò tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn, ìgbà 3,057 ló ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ kó tó bẹ́. Igun ihò tí wọ́n gé sára rẹ̀ ló ti là.

Ìbéèrè: Ká wá ra irin tó le jù èyí lọ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ máa fowó ṣòfò ni. Ojú jíjó ara irin líle kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ ju ti irin lásán lọ nínú irú ìyà báyìí. Ohun tó ń mì í ni kí ẹ mú kúrò: ẹ fi rọ́bà so páìpù pọ́ǹpù, kí ẹ sì fi irin dábùú láti òkè ẹsẹ̀ kan dé ìsàlẹ̀ èkejì. Kí ajórin gbẹ́ ojú sísán dé ìdí kó tó jó o. Òkè lásán ló ń jó bò, mo fura. Electrode, ìyẹn ọ̀pá tó fi ń jó irin, tí òjò bá ti rin ín, kó má lò ó rárá. Tó bá jó o tán, kó yún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó dán.

Ìbéèrè: Ẹnìkan ní ká fi fáíbà dì í.

Ìdáhùn: Lórí ìpẹtà àti ọ̀dà? Yóò ṣí bí èèpo. Wọ́n ń lẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ òfuurufú lóòótọ́, àmọ́ fífọ ojú irin gan-an ni iṣẹ́ tó gbà wọ́n lákòókò jù. Ti yín máa bo ojú sísán náà ni, ẹ ò sì ní rí i mọ́.

Ìbéèrè: Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó kù ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ há ọ̀dà kúrò lójú jíjó, ẹ fi kẹrosíìnì pa á, ẹ dúró bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ wá bu ẹfun lẹ́búlẹ́bú sí i. Ibi tí kẹrosíìnì bá ti yọ ìlà lórí ẹfun, ó ti sán níbẹ̀.