Kúkíìsì Alátalẹ̀ Ọdún Kérésì: Àṣìṣe Tó Ń Sọ Ohun Tó Yẹ Kó Rọ̀ Di Líle

Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, kúkíìsì alátalẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ń yan ní Amẹ́ríkà: èyí tó rọ̀ láàárín, tí ojú rẹ̀ là wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí atalẹ̀, sínámọ́nì àti kànáfùrù ń ta sánsán lára rẹ̀. Àwọn ará Jámánì ní irú tiwọn láti ayébáyé, Lebkuchen, tí òkìkí rẹ̀ pọ̀ jù ní ìlú Nuremberg. Àwọn èèyàn wa ní Houston àti London ti ń yan án fún àlejò ọdún. Ní Èkó àti Ìbàdàn náà, àwọn kan ń yan án tà, àwọn kan ń kó o sínú agbọ̀n ẹ̀bùn. Àmọ́ púpọ̀ nínú ohun tó ń jáde kì í rọ̀. Ó máa ń le, ó ń ṣẹ́ kàù lẹ́nu, ẹni tó yan án á sì ní ìlànà tí òun tẹ̀lé ni kò dáa. Ìlànà kọ́. Omi ló ń mú kúkíìsì rọ̀, ọwọ́ wa la sì fi ń lé omi náà lọ.

Kí ọ̀rọ̀ má baà rú wa lójú, ìwọ̀n tí mo ní lọ́kàn rèé. Ìyẹ̀fun àlìkámà 280 gíráàmù, bọ́tà 170, ṣúgà pupa 200, mọ̀lásíìsì (omi ìrèké dúdú tó ki bí oyin) 85, àti ẹyin kan. Béékìn sódà ṣíbí ìmutíì kan, atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀ ṣíbí méjì, sínámọ́nì ṣíbí kan, kànáfùrù ìdajì ṣíbí, iyọ̀ ìdámẹ́rin ṣíbí. Á tó nǹkan bíi 24. Àwọn tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè lo black treacle dípò mọ̀lásíìsì.

Ẹ má dúró kó le nínú oven

Àṣìṣe yìí ló burú jù, òun sì ni àwọn tó ń ṣọ́ra ń ṣe jù. Wọ́n á ṣí oven, wọ́n á fọwọ́ kàn án, wọ́n á rí i pé ó rọ̀, wọ́n á ní kò tíì jinná, wọ́n á sì pa ilẹ̀kùn dé. Kúkíìsì tó jinná bó ṣe yẹ kì í tíì le lórí iná, torí ṣúgà àti bọ́tà inú rẹ̀ ṣì yọ́. Ìgbà tó bá ń tutù ni wọ́n ń dì. Tó bá wá le nínú oven, omi inú rẹ̀ ti gbẹ tán nìyẹn, bó bá sì tutù, eyín á sọ.

Ẹ gbé ooru oven sí ìwọ̀n Celsius 175, èyí tí í ṣe 350 lórí Fahrenheit, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti ìṣẹ́jú kẹjọ. Etí rẹ̀ á ti dì, kò ní máa dán mọ́. Àárín á wú, ojú á là, ẹ ó sì rí i pé inú ibi tó là yẹn ṣì ní omi lára, bí ẹni pé ó ku díẹ̀ kó jinná. Ẹ fìka tẹ etí rẹ̀, ìka kò ní wọlé. Ẹ tẹ àárín, ojú ìka á hàn níbẹ̀. Ẹ gbé e jáde lójú ẹsẹ̀. Ó sábà máa ń bọ́ sí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kó wà lórí páànù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ooru páànù á bá yín parí ìyókù, lẹ́yìn náà kí ẹ kó o sórí àgbékà onírin kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kánjú kó o, á já mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì gbàgbé rẹ̀ sórí páànù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa jinná lọ.

Ọ̀pọ̀ oven onígáàsì ní Nàìjíríà kò ní nọ́ńbà ooru kankan lójú ibi tí a ń yí. Ẹ ra òṣùwọ̀n ooru kékeré tí a ń gbé kọ́ sínú oven, kò wọ́n, ó sì ń gba èèyàn lọ́wọ́ àbá dídá. Ìsàlẹ̀ ni iná irú oven yẹn ti ń jáde, nítorí náà àgbékà òkè tàbí ti àárín ló yẹ kí ẹ lò, kí ẹ sì fi páànù kejì tẹ́ abẹ́ ti àkọ́kọ́. Kí ẹ tó kó gbogbo rẹ̀ sí i, ẹ kọ́kọ́ yan ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn á sọ ohun tó kù fún yín. Yíyan nínú ìkòkò oníyanrìn dáa fún kéèkì tó nípọn. Fún kúkíìsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀, ìsàlẹ̀ á ti jóná kí òkè tó là.

Ẹ má fi ife ilé wọn ìyẹ̀fun

Ife tí ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè kì í ṣe agolo mílíìkì, kì í sì í ṣe ife tíì wa. Bí ẹ bá tilẹ̀ ní ife tiwọn gan-an, bí ẹ ṣe bù ú ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá fi ṣíbí bu ìyẹ̀fun sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ife kan á wọn nǹkan bíi 120 sí 125 gíráàmù. Bí ẹ bá ti ife náà bọ inú àpò, tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́, ó lè lé ní 150. Ife méjì àti ìdámẹ́rin ni 280 gíráàmù wa yìí. Ẹni tó bu tirẹ̀ lọ́nà kejì ti fi ohun tó lé ní 50 gíráàmù kún un láìmọ̀, ìyẹ̀fun yẹn ló sì máa fa gbogbo omi mu. Ẹ ra sikéèlì. Bí ìyẹ̀fun bá ti wọ inú àpòpọ̀, ẹ ro ó níwọ̀nba, kí ẹ dúró gẹ́rẹ́ tí funfun rẹ̀ bá ti pòórá.

Ẹ má fi ṣúgà funfun rọ́pò ṣúgà pupa

Mọ̀lásíìsì tó wà lára ṣúgà pupa ló ń di omi mú. Ṣúgà funfun nìkan á fún yín ní kúkíìsì tó ń ṣẹ́ kàù, èyí tó dáa fún ẹni tó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá rí pupa rà, ẹ ro mọ̀lásíìsì ṣíbí ìjẹun kan àbọ̀ mọ́ 200 gíráàmù ṣúgà funfun, ó ti di pupa. Àmọ́ ẹ má lọ ra mọ̀lásíìsì tí wọ́n ń tà fún oúnjẹ ẹran ọ̀sìn nítorí pé ó pọ̀, ó sì pọ́ọ́kú. Wọn kò ṣe é fún ẹnu ènìyàn. Oyin sàn jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oyin máa ń tètè pọ́n nínú oven, ẹ sì ní láti ṣọ́ ọ.

Mọ̀lásíìsì kan náà ní ìwọ̀nba ásíìdì, ohun tó ń kan, nínú; ásíìdì yẹn ni béékìn sódà ń bá pàdé tí kúkíìsì fi ń wú. Béékìn pọ́dà kì í ṣe iṣẹ́ yìí bó ṣe yẹ: kúkíìsì á funfun, á sì dà bíi kéèkì. Ẹni tó bá sì sọ sódà di ìlọ́po méjì nítorí kó lè wú dáadáa, adùn ọṣẹ ni yóò jẹ.

Bọ́tà tó ti yọ́

Ooru Èkó kì í ṣe ooru ibi tí wọ́n ti kọ ìlànà wọ̀nyí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé bọ́tà síta títí á fi rọ̀, wákàtí kan ni wọ́n ní lọ́kàn. Níhìn-ín, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè ti pọ̀ jù. Ìka gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ máa dán bí òróró. Èyí tó ti yọ́ á tàn kálẹ̀ lórí páànù, á fẹ́lẹ́, ohun tó bá sì fẹ́lẹ́ kì í pẹ́ gbẹ. Mágàrín tí a ń fi pa búrẹ́dì náà ń kó báni, torí omi pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, omi yẹn á sì fẹ́ lọ nínú iná. Ẹ ka ara agolo rẹ̀, kí ọ̀rá inú rẹ̀ má dín ní ìdá 80 nínú 100.

Ẹ gbé àpòpọ̀ náà sínú fíríìjì fún wákàtí kan ó kéré tán. Tó bá sùn mọ́jú, ó tún sàn jù, atalẹ̀ á ti wọ̀ ọ́ lára. Bí wọ́n bá múná lọ, ẹ gbé e sínú kúlà oníyìnyín. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lá a ní tútù. Kì í ṣe ẹyin nìkan là ń sọ, ìyẹ̀fun tí a kò tíì sè lè ní kòkòrò àrùn nínú. Lọ́dún 2016, kòkòrò àrùn E. coli inú ìyẹ̀fun kó àìsàn bá ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà.

Èròjà púpọ̀ kọ́ ni adùn

Kànáfùrù ló yẹ ká bẹ̀rù jù. Èròjà kan tó ń jẹ́ eugenol nínú rẹ̀ ni àwọn dókítà eyín ń lò láti pa ìrora, ẹni tó bá wá bù ú bí ẹni bu iyọ̀, ahọ́n àlejò rẹ̀ á kú tì. Ìdajì ṣíbí ti tó.

Atalẹ̀ tútù kò lè dípò gbígbẹ. Gbígbẹ máa ń sọ ohun tó ń ta nínú rẹ̀ di òmíràn tó tún ta jù ú lọ, tútù sì ń gbé omi tí a kò ṣírò wọlé. Atalẹ̀ Kaduna, láti Kachia àti Kafanchan, kò kẹ̀rẹ̀ rárá. Àrùn kọlu oko rẹ̀ lọ́dún 2023, owó rẹ̀ sì gbẹ́nu sókè, síbẹ̀ kò sí èyí tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ ra gbígbẹ, kí ẹ fi bílẹ́ńdà lọ̀ ọ́ fúnra yín, kí ẹ sì jọ̀ ọ́. Bákan náà ni kí ẹ ṣe sínámọ́nì. Lọ́dún 2023, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà látàrí sínámọ́nì tó wà nínú àpù lílọ̀, lọ́dún 2024 sì ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, tún kìlọ̀ nípa àwọn sínámọ́nì lílọ̀ kan tó wà lórí àtẹ.

Ọyẹ́ àti ike ìpamọ́

Oṣù Kejìlá ni ọyẹ́ ń dé, kúkíìsì tó rọ̀ láàárọ̀ lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú bí ẹ bá kó o sínú àwo tí ẹ kò dé. Ẹ̀rọ amúlégbóná nílé àwọn ará London ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, torí oru èyí tó ṣì gbóná á sọ ọ́ di rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ kó o sínú ike tó dé pinpin, kí ẹ fi búrẹ́dì ẹ̀là kan tì í. Omi inú búrẹ́dì á máa lọ sára kúkíìsì. Bí búrẹ́dì bá ti gan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Á fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹni tí àlejò rẹ̀ ń wá díẹ̀díẹ̀ kò tilẹ̀ nílò kó yan gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rọ ọ́ roboto, kí ẹ kó o sínú fírísà, á wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bí àlejò bá kanlẹ̀kùn, ẹ kó iye tó bá tó lé páànù bó ṣe dì yẹn, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún àkókò rẹ̀.