Fíríìjì tó ń kùn tí kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá tètè dé padà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Màmá kan tí wọ́n ń ta omi tútù nítòsí ọjà Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ní kí n bá wọn tún fíríìjì wọn ṣe. Bí iná bá lọ, tí ó sì dé padà kí ìṣẹ́jú kan tó pé, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ (mọ́tò tó ń ti gáàsì káàkiri) á kàn máa kùn, overload (ohun tó ń gé iná kí mọ́tò má baà jó) á já, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ díẹ̀, á ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Mo ti pààrọ̀ rílè rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń ta mọ́tò jí, lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdáhùn: Ẹ má wulẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Nínú irú rílè yìí, kò sí irin tó ń ṣí tó ń tì. Àwo roboto kékeré bí owó ẹyọ ni ó wà níbẹ̀, tí wọ́n fi barium titanate mọ, tí wọ́n sì sun bí a ti ń sun ìkòkò. Nígbà tí ó bá tutù, ìdènà rẹ̀ kéré, iná á gba inú rẹ̀ lọ sí wáyà tó ń ta mọ́tò jí; láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbóná rẹ̀ á kọjá bíi 120 °C, ìdènà náà á di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì gé iná kúrò lára wáyà yẹn. Gbígbóná ni ó máa ń wà títí fíríìjì á fi dákẹ́. Bí iná bá wá tètè dé padà, ọ̀nà ṣì wà ní títì, gáàsì inú páìpù pàápàá kò sì tíì rọlẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí kí ẹ bá màmá fi gáàdì tó ń dá iná tó bá dé dúró díẹ̀ kí ó tó wọlé sí i.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ́ wa pé bí sẹmikọ́ńdọ́tọ̀ (ohun tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀, tí kò tó ti irin) bá ṣe ń gbóná ni iná ṣe ń rí inú rẹ̀ gbà sí i. Kí ló dé tí èyí fi yàtọ̀?

Ìdáhùn: Ohun tí wọ́n kọ́ yín tọ̀nà fún silicon tí kò ní àdàlù. Barium titanate fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ jẹ́ kí iná kọjá, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń po lanthanum tàbí yttrium bíńtín mọ́ ọn kí ẹ̀lẹ́kítíróònù lè rìn nínú rẹ̀. Àwo náà kì í sì í ṣe kírísítálì ẹyọ kan. Hóró wẹ́wẹ́ tí kò lóǹkà ni, ní ààlà hóró kọ̀ọ̀kan sì ni iná ti ń bá ìdíwọ́ pàdé, bí ìgbà tí èrò bá dé ọ̀dọ̀ oníbodè Ìjẹ̀bú láyé àtijọ́. Nígbà tí ó bá tutù, átọ́ọ̀mù titanium kì í jókòó sí àárín gbùngbùn. Ó máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kírísítálì á gùn díẹ̀ síbẹ̀, á sì ní orí rere (+) àti orí òdì (−) láìjẹ́ pé a so iná mọ́ ọn. Ìwà yìí ni wọ́n ń pè ní fẹróẹlẹ́tíríìkì, òun ni ó ń tu oníbodè lójú tí ó fi ń jẹ́ kí iná kọjá. Bí ìgbóná bá kọjá 120 °C, titanium á padà sí àárín, ẹ̀gbẹ́ gbogbo á dọ́gba, oníbodè á sì ti ọ̀nà pa. Ní 1961 ni Walter Heywang ṣàlàyé ìdíwọ́ ààlà yìí. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé kírísítálì ẹyọ kan ṣoṣo, tí kò ní ààlà nínú, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ rílè tó bàjẹ́ lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ yọ ọ́ lára iná, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá, kí ẹ tó fi mítà wọ̀n ọ́n. Óòmù (ìwọ̀n ìdènà) mélòó kan sí ẹ̀wá-ẹ̀wá mélòó kan ni ó yẹ kí ẹ rí. Bí mítà kò bá mira, tàbí tí ẹ mì ín tí nǹkan ń dún nínú rẹ̀, àwo ti fọ́ nìyẹn. Èyí tí ẹ bá wọ̀n ní gbígbóná á tàn yín jẹ. Ẹ lọ wá àwọn méjì tí ẹ ti yọ sọnù, kí ẹ tún wọn wọ̀n.