Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Dry Needling

Ẹni tí èjìká tàbí ẹ̀yìn bá ti ń dùn ju oṣù mẹ́ta lọ, tó ti fi ìpara ra á títí, tó ti gbé oògùn mì láìmọye ìgbà, kò ṣeé dá lẹ́bi bó bá gbọ́ pé àwọn físíò (physiotherapist) ní abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní dry needling, tó ń tú iṣan tó ta kókó, tó sì sáré lọ. Ìtọ́jú náà ń ran èèyàn lọ́wọ́. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tá a máa ń ṣe tó ń sọ ọ́ di asán, òmíràn sì wà nínú wọn tó lè gbé èèyàn dé ẹ̀ka pàjáwìrì.

Ẹ má bínú pé wọn ò fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ yín. Lọ́dọ̀ wa, téèyàn bá ti gbọ́ abẹ́rẹ́, oògùn ló wà lọ́kàn ẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń ní kí físíò bá wọn fi diclofenac, oògùn ìrora, díẹ̀ sí i. Abẹ́rẹ́ yìí ò ní ihò nínú rárá. Ojú ibi tí iṣan ti le gbagidi ni wọ́n ń gún un sí, tó bá sì bà á gan-an, iṣan lè ta pìrì lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ awọ. Dókítà ará Czechoslovakia kan, Karel Lewit, ti kọ ọ́ lọ́dún 1979 pé abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń mú ìrora dẹwọ́, láìsí oògùn.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra jù ni èjìká, ọrùn àti òkè ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ yìí gún yín níbẹ̀, bó ti wù kó mọ ara wọ́ tó. Orí ẹ̀dọ̀fóró ga díẹ̀ ju eegun tó dábùú lókè àyà lọ, kò sì jìnnà sí iṣan èjìká, pàápàá lára ẹni tó rù. Bí abẹ́rẹ́ bá jìn jù, ó lè lu ẹ̀dọ̀fóró, afẹ́fẹ́ á jò sínú àyà, ẹ̀dọ̀fóró á sì súnkì. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ ó ti ṣẹlẹ̀ rí, lọ́wọ́ àwọn tó gbọ́ṣẹ́ pàápàá. Èyí tó wá burú jù ni kéèyàn délé, kó máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí àyà máa gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ní gáàsì ni, kó lọ sùn. Ó lè tó wákàtí mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́.

Ní Nàìjíríà, MRTB (Medical Rehabilitation Therapists Board) ni àjọ tó ń forúkọ físíò sílẹ̀. Ẹ bi físíò yín bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé wọn, kẹ́ ẹ sì bi í lọ́tọ̀ pé níbo ló ti kọ́ dry needling. Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní bínú. Abẹ́rẹ́ tuntun ni kó tú nínú ọ̀rá lójú yín. Ẹ má gbà kó fi spirit nu èyí tó ti wọ ara ẹlòmíì.

Ẹ má fi oyún pamọ́ fún un, ẹ má fi warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, pamọ́. Ẹni tí ojú ẹ̀ máa ń ṣú bó bá rí abẹ́rẹ́, kó sọ ọ́, kí wọ́n lè dá a dùbúlẹ̀. Bí ẹ̀yìn dídùn bá sì wá pẹ̀lú ìtọ̀ tí kò ṣeé mú mọ́, tàbí tí abẹ́ kú tipiri, ẹ má wá abẹ́rẹ́ físíò kiri, pàjáwìrì nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá délé, ojú ibẹ̀ lè máa ro yín fún ọjọ́ kan sí méjì. Wọn ò bà yín jẹ́. Ìdẹ̀ra tí abẹ́rẹ́ ń mú wá kì í sábà pẹ́. Àwọn ọjọ́ tí ara bá dẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ fi ṣe eré ìdárayá tí wọ́n fi hàn yín. Ọ̀pọ̀ ló ń pa èyí tì. Ara á tù wọ́n, wọ́n á padà sídìí máṣíìnì ìránṣọ, wọ́n á tẹ orí kodò láti àárọ̀ di alẹ́, iṣan á tún ta kókó, wọ́n á tún wá sanwó abẹ́rẹ́. Físíò tó bá kàn ń gún yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kò fi eré ìdárayá kankan hàn yín, ẹ fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá ẹlòmíì.