Bí a ṣe ń de bẹ́líìtì fún ọmọdé nínú mọ́tò

Àgbàlagbà ni wọ́n ṣe bẹ́líìtì mọ́tò fún. Lára ọmọ tí kò tíì ga tó 145 sẹ̀ǹtímítà, ọrùn ni apá òkè rẹ̀ máa ń há sí, ìsàlẹ̀ á sì gun orí ikùn. Bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, ikùn ló máa gba agbára tó yẹ kí egungun ìbàdí gbà. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n ara ọmọ fi ṣe pàtàkì ju ọjọ́ orí lọ.

Káà síìtì (ìjókòó ọmọdé tí a ń dè mọ́ ìjókòó mọ́tò) tó kọjú sẹ́yìn ló yẹ ọmọ ọwọ́, lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó kéré tán títí yóò fi pé ọdún 2. Ẹ má gbé e síwájú níbi tí airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń wú nígbà ìjàǹbá, wà: bó bá bú jáde, ẹ̀yìn síìtì, níbi tí orí ọmọ wà gan-an, ló máa gbá.

Láti dè é mọ́lẹ̀:

1. Ẹ ti bẹ́líìtì gba ojú ihò rẹ̀ lára síìtì, kí ẹ kó o sínú ilé rẹ̀ títí yóò fi dún.
2. Ẹ tẹ síìtì mọ́lẹ̀, kí ẹ fa bẹ́líìtì le. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, bí ẹ bá fà á jáde tán pátápátá, yóò máa dún kẹ́kẹ́kẹ́ bó ṣe ń padà, kò sì ní tú mọ́.
3. Ẹ di síìtì mú níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, kí ẹ mì ín. Kò gbọdọ̀ yẹ̀ ju íǹṣì 1 lọ. Òkè ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mì, ibẹ̀ kọ́ la ti ń mọ̀.

Ó wá ku okùn inú síìtì. Ẹ fà á títí ìka yín kò fi ní rí èyí tó dẹ̀ mú léjìká ọmọ. Bí ó bá kọjú sẹ́yìn, kí okùn jáde ní ọ̀gangan èjìká tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Bó bá kọjú síwájú, ọ̀gangan èjìká tàbí òkè rẹ̀ díẹ̀. Tìtorí AC, àwọn ìyá máa ń fi ṣọ́ọ̀lù wé ọmọ kí wọ́n tó dè é. Aṣọ yẹn á fún pọ̀ nígbà ìjàǹbá, okùn á sì dẹ̀. Ẹ de ọmọ ná, kí ẹ tó da ṣọ́ọ̀lù bò ó. Bí mọ́tò bá ti wà nínú oòrùn, ẹ fọwọ́ kan irin bẹ́líìtì kó má baà jó ọmọ.

Tó bá dàgbà ju káà síìtì lọ, búsítà ló kàn, ìyẹn ìjókòó tó ń gbé ọmọ sókè kí bẹ́líìtì mọ́tò lè bá ara rẹ̀ mu. Ìjókòó tí bẹ́líìtì rẹ̀ gba èjìká àti itan nìkan ni kí ẹ gbé e sí. Àárín ẹ̀yìn àwọn tòkunbọ̀ àtijọ́ kan, ti itan nìkan ló wà níbẹ̀. Ọmọ lè fi búsítà sílẹ̀ bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá lè fara ti ìjókòó, tí orúnkún rẹ̀ ṣẹ́ sí etí ìjókòó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kanlẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀yìn ni kó máa jókòó títí yóò fi pé ọdún 13.

Ẹ má de ọmọ méjì pọ̀, ẹ má sì gbé ọmọ lé itan kí ẹ de ara yín mọ́ ọn: ara yín ló máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ bẹ́líìtì. Ọmọ tó ń ké fún ọmú nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ Third Mainland kò ṣeé tú sílẹ̀, afárá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, kò sì síbi tó dáa láti dúró. Ẹ fún un lọ́mú kí ẹ tó gùn ún.

Bó bá jẹ́ káà síìtì tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ yí i padà kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sídìí rẹ̀. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, tí bébà rẹ̀ ti ya dànù, tàbí tí ẹni tó ń tà á kò lè sọ bóyá ó ti wà nínú ìjàǹbá rí, ẹ fi sílẹ̀ fún un.