Ẹ̀kọ́ Ọmọdé Láti Inú Ilé: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá ní Abẹ́òkúta àti ní àwọn abúlé oko tó yí i ká, nítorí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 la ṣe kọ ìwé yìí. Òfin ọdún 2004 ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún 3 àkọ́kọ́ ní girama, nítorí náà a ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ sílé. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ tíṣà, iṣẹ́ oòjọ́ yín ti tó ẹ̀kọ́ fún un.

Ẹ bá ọmọ sọ̀rọ̀

"Gbé e wá." "Jókòó síbẹ̀." "Má fọwọ́ kàn án." Bó bá jẹ́ èyí nìkan ni ọmọ ń gbọ́ láti àárọ̀ di alẹ́, ọ̀rọ̀ kò ní pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè, kí ẹ sì ní sùúrù títí yóò fi dáhùn.

Ẹ wo láfún tí à ń ṣe nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, ẹ jẹ́ kí ọmọ tẹ̀ ẹ́ wò, kó mọ bó ṣe le tó. Láràárọ̀, kó fi èédú fa ìlà kan sára ògiri. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, kó tún un tẹ̀ wò: ó ti rọ̀, òórùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀. Ẹ bi í pé, "Kí ló ṣe é?" Ẹ má tètè bá a dáhùn. Nígbà tí ẹ bá sá a sórí àpáta, ẹ bi í ìdí tí a fi ń sáré kó o bí òjò bá ṣú. Ọmọ náà ti ka ọjọ́, ó sì ti wá ìdí ọ̀rọ̀, láìra ìwé kankan. Kó má ṣáà jẹ ẹ̀gẹ́ ní tútù, májèlé wà nínú rẹ̀.

Yorùbá ni kí ẹ fi bá a sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù pé Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lẹ́nu ọmọ. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6 gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Ọpọ́n ayò

Kò sí ohun tó kọ́ ọmọ ní ìṣirò tó ayò. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí ọpọ́n, ẹ gbẹ́ ihò sílẹ̀. Kí ọmọ ọdún 4 máa kó mẹ́rin mẹ́rin síhò, ìyẹn ti tó o. Ọmọ ọdún 5 lẹ lè bi pé: "Tí mo bá kó ti inú ihò yìí, tí mò ń jù ú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ihò wo ni èyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí?" Ó ń ṣírò lọ́kàn nìyẹn. Ẹ tún jẹ́ kó to ogún sílẹ̀, kó mú mẹ́rin kúrò, kó ka ìyókù: mẹ́rìndínlógún. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 ní ọmọ ayò, kó má baà gbé e mì.

Lóko, òun ni kó máa ju hóró àgbàdo méjì méjì síhò. Àmọ́ irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn pa láró, ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni ike oògùn oko tó ti ṣófo, àti kọ́sítíìkì sódà lọ́dọ̀ àwọn aládìrẹ.

Lẹ́tà àti fóònù

Ẹ má fipá ki pẹ́ńsù bọ ọmọ ọdún 3 lọ́wọ́. Kó máa bá yín ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ìka rẹ̀ á lágbára. Lẹ́yìn náà, kó fi ìka kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá. Láti ọdún 2 sí 4, kó má ju wákàtí kan lọ lóòjọ́.

Bí ọmọ kò bá sọ̀rọ̀

Bí ọmọ bá pé ọdún 2 tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bí i "Màmá, wá", tàbí tí kì í bojú wẹ̀yìn bí ẹ bá pè é, ẹ má sọ pé ó ya ọ̀lẹ. Ẹ gbé e lọ sí ibùdó ìlera tó sún mọ́ yín tàbí sí FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò.